‘Ṣe’, ‘Tò’ àti ‘Kó Wọlé’: Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Ròyìn Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba fún Àwọn Aṣọkọ̀ Onímọ̀nàmọ́ná

1. Ìfáárà

Ìbéèrè ọ̀gá ríwáyà kan ní Àgbárá ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní ìparí ọdún 2020, a yà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tí ó gba títì Badagry wọ ìlú náà, kí ó lè bá wa wo bátìrì ọkọ̀ wa tí kò di iná mú mọ́. Rédíò ń ka ìròyìn ní èdè Yorùbá. Akaròyìn sọ pé a ti ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í mu epo ní Nàìjíríà, ó sì fi kún un pé Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti rí i. Ọ̀gá ríwáyà gbé orí sókè, ó ní, ‘Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣe é ni, àbí wọ́n tò ó?’ A dá a lóhùn pé ohun tí òun gbọ́ náà ni àwa gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá wa wádìí rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi wọ̀nyí ni yóò rí iṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá tò ó, díẹ̀ nínú wọn yóò rí i ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn kó o wọlé ni, a ó kàn máa wò ó bí ó ti ń kọjá lọ ni.’

Kò sí ohun tí ó yani lẹ́nu nínú pé ará Àgbárá ni ó béèrè bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí Olóyè Adéyẹmí Lawson dá ọgbà ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ níbẹ̀, ni àwọn ará agbègbè Adó-Odò àti Ọ̀tà ti ń rí bí a ti ń ṣí ilé-iṣẹ́ àti bí a ti ń tì í. Wọ́n rí Nestlé, wọ́n rí Beta Glass, wọ́n sì gbọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 nígbà tí GlaxoSmithKline, tí ó ti ní ilé-iṣẹ́ láàárín wọn fún ọjọ́ pípẹ́, kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ti rí irú èyí mọ̀ pé ọjọ́ ìṣílé kọ́ ni a fi ń mọ ilé-iṣẹ́. Ohun tí a ń ṣe nínú ilé náà, àti iye ọdún tí a fi ṣe é, ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìjọba bá ń ran àwọn aṣọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná lọ́wọ́, ti àwọn oníròyìn sì ń ròyìn rẹ̀ fún wa ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́ ti fẹ̀ jù: ó ń da ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ mọ́ra wọn. Nínú ìdàpọ̀ yìí ni ìbéèrè ará ìlú ti ń sọnù. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè-ìperí ni láti ya wọ́n sọ́tọ̀.

2. Orúkọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ pe ọkọ̀ kékeré ní ‘ayọ́kẹ́lẹ́’ fi etí sọ ọ́ ni. Wọ́n gbọ́ ariwo ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì rí i pé èyí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àmọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń mu epo kò dákẹ́ rárá, nítorí pé iná ń bú nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ tí mọ̀nàmọ́ná ń wà kò ní irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀. A lè sọ nígbà náà pé ọkọ̀ tuntun yìí ni ó kọ́kọ́ yẹ ní orúkọ tí a ti fún ọkọ̀ àtijọ́.

Òdì kejì ni ti ‘alùpùpù’. Ìró tí ó ń dún létí ni orúkọ yìí ti wá. Alùpùpù tí ń lo bátìrì kò lu ‘pù-pù’ mọ́, síbẹ̀ alùpùpù ni a ó máa pè é. A kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ ẹnu kì í ṣe ohun tí a ń fi ipá lé jáde.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ‘ọkọ̀ oníná’ tí àwọn oníròyìn kan ń lò. ‘Iná’ ní èdè Yorùbá jẹ́ iná tí ń jó, ó tún jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì tún jẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Ọkọ̀ tí ń mu epo gan-an ni iná ń jó nínú rẹ̀, ti àtùpà sì ń tàn ní iwájú rẹ̀. Bí ọkọ̀ tuntun bá ṣe èèṣì jóná, akaròyìn yóò ha wí pé ‘ọkọ̀ oníná gbiná’ bí? Ìdí nìyí tí a fi yan ‘ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná’. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Irú ìṣòro kan náà wà nínú ‘mọ́tò’. Ní ẹnu wa, odidi ọkọ̀ ni mọ́tò. Bí a bá wá fi mọ́tò pe ẹ̀rọ tí ń gba mọ̀nàmọ́ná láti inú bátìrì tí ó sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, a ó máa sọ pé mọ́tò wà nínú mọ́tò. A dábàá ‘ẹ̀rọ ayísẹ̀’ fún un, nítorí pé ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe táyà àti irin rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn orúkọ mìíràn wà tí ó yẹ kí á kíyè sí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó èrò ní Èkó gba orúkọ ‘Kẹ̀kẹ́ Márúwá’ láti ara Buba Marwa, ológun tí ó ṣe àkóso Èkó láti 1996 sí 1999. Ní ibòmíràn, ‘Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù’ ni orúkọ rẹ̀, láti ara ètò ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti òṣì. Ní oṣù keje ọdún 2019, nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka gbé ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe jáde, ‘Lion Ozumba 551’ ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ẹni tí ó ti jẹ́ gíwá ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tí ó bá ṣe oore ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe ohun. Àṣà dáadáa ni. Síbẹ̀, bí orúkọ onínúure bá ti gba ojú ọkọ̀ tán, a kì í sáábà béèrè ẹni tí ó ṣe é mọ́, tàbí ibi tí wọ́n ti ṣe é.

3. ‘Ṣe’, ‘tò’ àti ‘kó wọlé’

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘ṣe’ ni ọ̀lẹ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, nítorí pé ó ń gba iṣẹ́ gbogbo, kò sì sọ bí ó ti ṣe wọ́n. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í lò ó láàárín ara wọn. Ìyá amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́. Agbẹ́gilére ń gbẹ́ ère. Ahunṣọ ń hun aṣọ, aránṣọ sì ń rán an. Kò sí ẹni tí yóò gba aránṣọ gbọ́ bí ó bá sọ pé òun ni òun hun òfì tí òun fi rán agbádá. Èdè wa kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ ìpèsè nǹkan. Àwa ni a kò náwó rẹ̀ lórí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ríwáyà lò, èyíinì ni ‘tò’, bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Láti to nǹkan ni láti mú ẹ̀yà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ààyè tirẹ̀. Bí ó ti rí nìyí ní ọgbà Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́, lójú títì Badagry kan náà tí ó lọ sí Àgbárá, láti ọdún 1975. Ibẹ̀ ni a ti to ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí ‘ìjàpá’. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ọ̀tà, níbi tí Honda ti ń to alùpùpù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Accord ní oṣù keje ọdún 2015. Ẹ̀gàn kò sí nínú títò. Iṣẹ́ ni, ó sì ń kọ́ ọwọ́ ní ìmọ̀. Ṣùgbọ́n títò ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní owó tí ó so mọ́ ọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èdè ti di ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ètò Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ètò náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí ó bá wọlé ní odidi yóò san ìdá 35 nínú 100 iye rẹ̀ ní owó bodè, yóò sì tún san ìdá 35 mìíràn gẹ́gẹ́ bí àfikún. Èyí tí ó bá wọlé ní àtúká díẹ̀, tí a ti jó irin ara rẹ̀ pọ̀ láti òkè òkun, yóò san ìdá 10 tàbí ìdá 5, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìtúká rẹ̀. Èyí tí ó bá wọlé ní àtúká pátápátá, tí àwọn aṣọ́bodè ń pè ní CKD, kò ní san ohunkóhun.

Ẹ wò ó báyìí. Lójú òfin, ọ̀nà mẹ́rin ni ọkọ̀ kan lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa, owó tí ìjọba sì ń fi sílẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn. Lẹ́nu akaròyìn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà: ‘a ti ṣe é ní Nàìjíríà’. Owó tí ìjọba kò gbà ní bodè, owó gbogbo wa ni. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára àtúká kò lè béèrè ohun tí a fi owó rẹ̀ rà.

Ó yẹ kí á sọ ohun kan sí i nípa ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná. Lára ọkọ̀ epo, ẹ́ńjìnì ni ọba. Lára èyí, bátìrì ni ó wọ́n jù lọ, inú rẹ̀ sì kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Ilé-iṣẹ́ lè jó irin ara ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín, kí ó kùn ún níhìn-ín, kí ó sì di ìjókòó mọ́ ọn níhìn-ín, síbẹ̀ kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú iye owó ọkọ̀ náà ti òkè òkun wá nínú àpótí kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìbéèrè ‘ta ni ó to ọkọ̀?’ kò tíì tó. A gbọ́dọ̀ tún béèrè pé ‘ta ni ó to bátìrì, níbo sì ni sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti wá?’

4. Irú ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń ṣe

‘Ìjọba ti ṣèlérí ìrànlọ́wọ́.’ Gbólóhùn yìí náà kún fún ìdàpọ̀. Ó kéré tán, oríṣi márùn-ún ni a lè tọ́ka sí.

Èkíní ni ìdáríjì owó bodè, èyí tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Èkejì ni owó àyálò. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù wà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2010, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Agbára níbẹ̀ yá Tesla ní mílíọ̀nù 465 dọ́là. Tesla san gbogbo rẹ̀ padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Láti inú àpò kan náà ni a ti fọwọ́ sí mílíọ̀nù 529 fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, Fisker. Ó ti gba nǹkan bí mílíọ̀nù 192 kí ìjọba tó dá owó dúró, ilé-iṣẹ́ náà sì wó ní ọdún 2013. Mílíọ̀nù 139 ni ìjọba pàdánù. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà lè ròyìn èrè èkíní àti àdánù èkejì nítorí pé ó yé gbogbo ènìyàn pé àyálò ni, pé ó ní iye, ó sì ní ọjọ́ ìsanpadà. Bí wọ́n bá ti pè é ní ‘ìrànlọ́wọ́’ lásán, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé gbèsè ni.

Ẹ̀kẹta ni ìpín olówó, níbi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́. Nígbà tí a dá Volkswagen of Nigeria sílẹ̀, ìdá 40 ni ti àwọn ará Jámánì, ìdá 35 sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ní Uganda lónìí, Kiira Motors, tí ó hù láti inú ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná tí Yunifásítì Makerere gbé jáde ní 2011, jẹ́ ti ìjọba. Ìpín yàtọ̀ sí àyálò: onípín ń jẹ èrè, ó sì ń jẹ gbèsè pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin ni ìpèsè ohun tí ọkọ̀ kò lè ṣe aláìní. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Ọkọ̀ Nàìjíríà, tí Jelani Aliyu ń darí nígbà náà, fi ibùdó ìṣáájì tí ń lo ìtànṣán oòrùn sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sokoto àti sí Yunifásítì Èkó. Irú rẹ̀ tún wà fún Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Ọ̀gbẹ́ni Aliyu kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó wà lára àwọn tí wọ́n ya ìrísí Chevrolet Volt ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀karùn-ún ni ìfihàn, níbi tí aláṣẹ ti ń dúró ti ọkọ̀ kí ayé lè rí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gba Hyundai Kona tí ẹgbẹ́ Stallion tò ní Ọ̀jọ́, ní ọgbà Volkswagen àtijọ́. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo, Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọkọ̀ akérò tí ń lo gáàsì àti alùpùpù onímọ̀nàmọ́ná fún Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìfihàn kì í ṣe ohun asán. Ó ń mú kí àwọn ènìyàn gbàgbọ́. Àmọ́ òun ni ó rọrùn jù láti ròyìn, òun nìkan ni ó sì sábà máa ń dé etí wa.

Ìjọba kan náà lè fi ọwọ́ kan gbé nǹkan ró, kí ó sì fi èkejì bì í. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ṣẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce gbé àbá òfin wá pé kí a fòpin sí ọkọ̀ epo ní Nàìjíríà nígbà tí ó bá di 2035. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó, wọ́n ní orílẹ̀-èdè tí ń ta epo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fà á sẹ́yìn. Nígbà tí ọdún 2020 sì ń parí lọ, láàárín oṣù méjì sí ìgbà tí a ya àwòrán Kona pẹ̀lú gómìnà, Òfin Ìṣúná jáde. Ó dín owó àfikún orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó bá wọlé ní odidi kù di ìdá 5. Odi tí a mọ ní 2013 láti dáàbò bo àwọn atọkọ̀ ni a wó lulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìdí rere wà fún un, nítorí ọkọ̀ ti wọ́n kọjá agbára àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n a kì í ya àwòrán ìlà òfin, bẹ́ẹ̀ ni ìlà òfin kì í gé ríbọ́n.

5. ‘Àkọ́kọ́’ mélòó ni a ó ní?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìtumọ̀ ṣe ń da ìròyìn rú. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé e pé ọkọ̀ tí Nsukka gbé jáde ni ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná àkọ́kọ́ tí a ṣe ní Nàìjíríà. Ní 2020, wọ́n gbé e pé Kona ni àkọ́kọ́ tí a tò níbẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí èyí tí ó pa èkejì lẹ́nu mọ́. Bí a bá tú méjèèjì sí ‘àkọ́kọ́ tí a ṣe’, a ti sọ àwọn tí wọ́n kọ ìròyìn kejì di òpùrọ́, a sì ti sọ iṣẹ́ àwọn ará Nsukka di ohun ìgbàgbé. Èyí kò sì dára, nítorí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀ gan-an. Ọkọ̀ Nsukka kò lè rìn ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ lórí ṣáájì kan, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé e jáde mọ ìdí ohun gbogbo tí wọ́n fi sí i. Kona ń rin kìlómítà 482, ṣùgbọ́n ní Korea ni ìmọ̀ rẹ̀ wà.

A kò dá àwọn akaròyìn lẹ́bi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ní láti tú ìwé tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́, kò sì sí ìwé atúmọ̀ tí ó ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún wọn. Àwa tí a ń jókòó ní yunifásítì ni a jẹ wọ́n ní gbèsè. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ni a ti mọ̀ pé èdè yìí lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ náà jáde láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé ojú títì.

6. Iye iná àti ìyára iná

Ibòmíràn tí ìròyìn ti máa ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ‘agbára’. A ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí pe bí iná ti pọ̀ tó nínú bátìrì, a sì tún ń fi pe bí ó ti ń yára wọlé tàbí jáde. Ẹni tí ó bá ń pọn omi mọ̀ pé nǹkan méjì ni wọ́n. Omi tí ó wà nínú àmù jẹ́ ọ̀tọ̀. Bí ẹ̀rọ omi ti ń yára tú jáde sínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. A dábàá ‘ìpamọ́-iná’ fún èkíní, èyí tí a ń fi kìlówáàtì-wákàtí wọ̀n, àti ‘ìyára-iná’ fún èkejì, èyí tí a ń fi kìlówáàtì wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kona ṣe ìṣirò. Ìpamọ́-iná bátìrì rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì-wákàtí 64. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣáájì rẹ̀ nílé bá ní ìyára-iná kìlówáàtì 7, yóò gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án kí ó tó kún. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ilé tí ó lè gbé kìlówáàtì 2 ni ará Àgbárá ní, wákàtí 32 ni yóò gbà, èyíinì ni odidi ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́jọ, láìpa á rárá. Nígbà tí a gbé owó iná àwọn tí ń rí iná ogún wákàtí lójúmọ́ sí náírà 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 14,400 ni ìkúnwọ́ bátìrì náà di. Pẹ̀lú èyí, ọkọ̀ náà lè lọ láti Àgbárá sí Abẹ́òkúta kí ó sì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìròyìn tí ó bá sọ iye wọ̀nyí ti ran olùgbọ́ lọ́wọ́. Èyí tí ó sọ pé ‘ọkọ̀ náà ní agbára púpọ̀’ kò sọ nǹkan kan.

Ìṣirò yìí náà ni ó fi ìdí rẹ̀ hàn tí alùpùpù fi ń yá ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ẹkùn wa. Bátìrì alùpùpù kéré tó ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé. Ilé-iṣẹ́ Spiro, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Benin àti Togo ní 2022 pẹ̀lú orúkọ M Auto, tí ó sì ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í jẹ́ kí oníbàárà dúró de ṣáájì. Bí àwọn ìyá tí ń ta ẹlẹ́rìndòdò ti ń kó ìgò òfìfo lọ láti gba èyí tí ó kún, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kadà ń fi bátìrì tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń gba èyí tí ó ti yó. ‘Ìpààrọ̀ bátìrì’ ni a ó pe èyí. Ìbéèrè kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ta ni ó ni bátìrì? Ẹni tí ó ra alùpùpù ṣùgbọ́n tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kò tíì ra odidi alùpùpù. Ó yẹ kí ìròyìn sọ ọ́ fún un kí ó tó san owó.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná: ọkọ̀ tí bátìrì nìkan ń wà, tí kì í mu epo.

Ẹ̀rọ ayísẹ̀: ẹ̀rọ tí ń sọ mọ̀nàmọ́ná di yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Odidi: ọkọ̀ tí ó wọ orílẹ̀-èdè ní pípé. Kíkó wọlé ni èyí. Kì í ṣe títò, kì í ṣe ṣíṣe.

Àtúká díẹ̀: ọkọ̀ tí ó wọlé lẹ́yìn tí a ti jó irin ara rẹ̀ pọ̀, tí ó ku kí á di àwọn ẹ̀yà kan mọ́ ọn.

Àtúká pátápátá: ọkọ̀ tí ó wọlé ní ẹ̀yà ẹ̀yà, tí a ó jó irin rẹ̀ pọ̀ tí a ó sì kùn ún níhìn-ín. A kò lo ‘àtúpalẹ̀’, nítorí pé àwọn lámèyítọ́ ti gbà á fún iṣẹ́ tiwọn.

Atọkọ̀: ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ láti inú àtúká.

Aṣọkọ̀: ilé-iṣẹ́ tí ó ya ìrísí ọkọ̀, tí ó sì ń pèsè púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ fúnra rẹ̀. A gbà pé nínú àkọlé iṣẹ́ yìí, àwa pàápàá lo ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn oníròyìn ti ń lò ó.

Ìdáríjì owó bodè, owó àyálò, ìpín olówó, ìpèsè, ìfihàn: oríṣi ìrànlọ́wọ́ ìjọba márùn-ún.

Ìpamọ́-iná, ìyára-iná, ìrìn-ṣáájì-kan: iye iná tí bátìrì gbà, bí iná ti ń yára wọlé tàbí jáde, ibi tí ọkọ̀ lè rìn dé kí bátìrì tó tán.

A fi ‘bátìrì’, ‘ṣáájì’ àti ‘sẹ́ẹ̀lì’ sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Wọ́n ti di ti wa lẹ́nu àwọn ríwáyà. Àwọn ríwáyà yìí kan náà ni ó ní ‘ó di iná mú’ àti ‘kò di iná mú mọ́’, gbólóhùn tí kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó lè dá èyí tí ó sàn jù ú lọ.

8. Ìgúnlẹ̀

Nígbà mìíràn tí a bá gbọ́ pé ìjọba ti ran ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ onímọ̀nàmọ́ná kan lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́ta péré ni a fẹ́ kí akaròyìn Yorùbá dáhùn. Ṣé wọ́n ṣe é ni, àbí wọ́n tò ó, àbí wọ́n kó o wọlé? Nínú oríṣi ìrànlọ́wọ́ márùn-ún, èwo ni ìjọba ṣe, èló sì ni? Kí ni ìpamọ́-iná rẹ̀, báwo sì ni ìrìn-ṣáájì-kan rẹ̀ ti jìnnà tó? Ọ̀rọ̀ tí a ó fi dáhùn wọ́n kò ṣòro, a sì ti rí i pé púpọ̀ nínú wọn ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí àwa tó débẹ̀.

A padà lọ sí Àgbárá lẹ́yìn tí a ti wádìí. A sọ fún ọ̀gá ríwáyà pé títò ni wọ́n tò ó. Ó mi orí. Ó ní, ‘Ó dáa náà. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń tò ó, bó pẹ́ bó yá, yóò mọ bí wọ́n ti ń tú u. Ibi tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.’ Kí àwọn òǹkàwé tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí tí a dábàá wọ̀nyí má ṣe pa á mọ́ra. Ọwọ́ gbogbo wa ni iṣẹ́ náà wà.